Iṣẹ́ Tí Bàbá Onífìlà Rán Mi Lórí Òkun

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mutí lọ́jọ́ náà. N kì í mutí, àárọ̀ sì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ẹnu mi yìí kan náà ló sì dá a sílẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Àwa tá a ń gbé Thamesmead, tá a ń tọ́jú arúgbó, pọ̀, ẹ ṣáà gbà pé ọ̀kan nínú wa ni mí. Ọdún méjì ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀ lọ sí Woolwich, lọ tọ́jú bàbá òyìnbó kan tó ń gbé nínú fúláàtì tó kọjú sí odò. Alfred ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n Daddy ni mò ń pè wọ́n, torí pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ẹsẹ̀ ò fẹ́ gbé Daddy mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ ọmọ wọn obìnrin, pé káwọn tún fi ọkọ̀ ìgbòkun rin etí òkun Cornwall lẹ́ẹ̀kan sí i káwọn tó kú, bí àwọn ṣe ń ṣe nígbà èwe. Ọmọ náà gbà. Ó háyà ọkọ̀ onígi àtijọ́ kan ní Plymouth, pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wà á, ó sì ní kí n bá bàbá òun lọ. Lọ́jọ́ tá a máa wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di ọwọ́ mi mú.

"Má fi wọ́n sílẹ̀ lórí omi o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan."

Mo ní mo gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ilé wa kí n tó máa lọ. Ìyá wa ò fi ìkíni ṣeré. Rónkẹ́ àbúrò mi, tó dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, gbogbo ẹni tó bá bá nínú bọ́ọ̀sì ló ń kí. Wọ́n á máa wò ó bí ẹní rí wèrè. Èmi náà ò yàtọ̀. Bí mo bá ráàgbà, orúnkún mi á ti tẹ̀ kí n tó ronú.

Ìdí nìyẹn tí n ò fi ro ohunkóhun nígbà tí mo gun òkè ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, tí mo rí bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó jókòó sórí okùn tí wọ́n ká jọ níwájú ọkọ̀. Fìlà onírun ló wà lórí wọn. Ṣòkòtò wọn tutù débi orúnkún, omi ń kán sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ tán ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n mi orí.

Inú mi dùn. Mo ní àwa náà ní ènìyàn níbí, àfàìmọ̀ kí wọ́n má jẹ́ kúùkù ọkọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ gba iwájú wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì láì kí wọn. Mo ní, ẹ wo ìwà. Mo bu oúnjẹ àárọ̀ tèmi sí méjì, mo gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹyẹ òkun ló jẹ ẹ́ tán.

A dé èbúté Fowey lọ́jọ́ náà. Daddy ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ilé ìṣọ́ àtijọ́ méjì tí wọ́n fi ń ta ṣéènì dí ẹnu omi nígbà ogun láyé ijọ́un. Ojú wọn ń dán bíi tọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, a rìn lábẹ́ òkè olókùúta dúdú tí ìgbì ń lù gbàgà-gbàgà, a sì sùn sí Mevagissey, èbúté àwọn apẹja tó ń rùn fún ẹja títí dénú ìrọ̀rí mi. Ní àárọ̀ méjèèjì, bàbá onífìlà wà níbẹ̀, mo sì kí wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fura rárá.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni nǹkan yí padà.

A ti fi èbúté sílẹ̀ nígbà tí kùrukùru bo gbogbo ojú òkun. Ọ̀gá ọkọ̀ ju ìdákọ̀ró, òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń fọn fèrè kí ọkọ̀ míì má baà kọlù wá. Mo ń kọjá lọ sọ́dọ̀ Daddy nígbà tí bàbá onífìlà pè mí. Ohùn wọn kò ju èémí lọ.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Yorùbá! Orí mi wú. "Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, sà."

"Ó pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti kí mi. Bá mi jíṣẹ́ kan fún Alfred. Sọ fún un pé òkun ti kún. Sọ fún un pé mo ṣì ń dúró."

Kí ni kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe? Àgbà rán mi níṣẹ́, mo lọ jẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò dín in kù. Mo jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi.

Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú Daddy. Ife ọwọ́ wọn já bọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá kúùkù yẹn."

"Kò sí kúùkù nínú ọkọ̀ yìí. Àwa mẹ́rin náà ni."

Mo yíjú wo iwájú ọkọ̀. Okùn ká jọ síbẹ̀, ó rin gbingbin, ìkarahun òkun wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan.

Ni Daddy bá di ẹ̀wù mi mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n sì gba bàbá aláwọ̀ dúdú kan láti máa se oúnjẹ. Bàbá náà bá wọn wí lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, pé ibi tí wọ́n ju ìdákọ̀ró sí ò dáa. Ó dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí òkun fà, wọ́n sọ bàbá náà kalẹ̀ sórí àpáta kan ní ìtòsí ibi tá a wà yìí gan-an, wọ́n ní kó ṣa ìṣáwùrú wá. Wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà á fún wákàtí kan péré. Wọ́n lọ sí èbúté, wọ́n mutí, wọ́n sùn lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, òkun ti kún.

"Mo sọ fún wọn pé ó sá lọ ni," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wá a. Oṣù méjì la jọ gbé, mi ò kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan rí."

Ẹ má bínú tí mo bá ń pè é ní "ó" báyìí. Inú bí mi. Mo ro bàbá yẹn lórí àpáta, tó ń wo omi tó ń gun kókósẹ̀ rẹ̀, tó ń retí ọkọ̀, tí Alfred sì wà nídìí ọtí.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀ níbí."

Mo ní mo fẹ́ lọ gbé omi tíì kaná.

Òtítọ́ ni mò ń sọ fún yín yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Kì í ṣe tíì ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ kẹ́rù bà á díẹ̀ ni. Okùn tó so bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀ le dáadáa, èmi fúnra mi ni mo dì í. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kíṣìnnì. Omi náà ò tíì hó nígbà tí fèrè dákẹ́ lójijì. Mo sáré gòkè.

Bẹ́líìtì wà níbẹ̀. Ó ṣì dì pinpin, okùn rẹ̀ ò sì tú. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni kò sí. Ipa ẹsẹ̀ méjì tó tutù ló wà lórí pákó, láti orí okùn wá síbi àga rẹ̀. Mẹ́rin ló lọ síbi etí ọkọ̀.

Wọ́n wá a títí, wọn ò rí òkú rẹ̀ dòní. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, pé mo kàn ṣẹ́jú ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ náà, ó sì dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mò ń rìn létí odò ní Thamesmead níbí, lọ́nà Crossness. Ọ̀sán gangan ni. Mo rí ẹ̀yìn arúgbó kan lórí bẹ́ńṣì, nínú súwẹ́tà búlúù tí èmi fúnra mi wọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omi ń kán sábẹ́ bẹ́ńṣì. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí màá ráàgbà tí n ò ní kí i. Mo yí padà, mi ò gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ fún Rónkẹ́. Ọ̀nà yẹn ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Lánàá, ó wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, daddy òyìnbó kan wà lórí bench yẹn o. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń greet wọn, orí ni wọ́n kàn ń mì. Òní ni wọ́n dá mi lóhùn. Ẹ gbọ́, Yorùbá ni wọ́n sọ! Yorùbá pọ́nńbélé!"

Alfred ò gbọ́ Yorùbá rí. Mo jókòó. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n rán mi sí yín ni. Wọ́n ní òkun ti kún. Wọ́n ní àwọn ṣì ń dúró."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mi ò ní kí ẹ má kí àgbà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ń kí i. Ẹ wo ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti gbà á, ì báà jẹ́ bàbá tó bí yín lọ́mọ ló jọ.

Rónkẹ́ ti ń wọ bàtà iṣẹ́ báyìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé èsì wo ni kóun mú padà fún wọn.