Àgbàlá Oyèníkẹ́ Lọ́dún Tí Ilẹ̀ Gbóná

Àwọn tó ń sọ pé ẹnu mi mú kò parọ́ mọ́ mi. Ẹnu tó mú yìí náà ni mo fẹ́ fi ròyìn Oyèníkẹ́, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Èrìjìyàn nísinsìnyí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi sí i. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo jagunjagun. Ta ló ń tọ́jú ọmọ àwọn jagunjagun nígbà náà? Wọn ò mọ̀.

Oyèníkẹ́ kò joyè, kò sì lówó. Opó ni, ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì kún fún àpá Olóde láti kékeré. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, igi ọdán kan sì ṣíji bo ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àwa obìnrin àdúgbò ń kó ọmọ sí bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ìgbà ogun Kírìjì ni. Àwọn ọkọ wa wà ní ibùdó ogun, Ògúntóyìn ọkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Àwa là ń kọ ebè, àwa là ń gbin iṣu tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó ti wúwo jù fún ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbé e dé oko, ibo lẹ fẹ́ ká gbé e sí? Ọ̀dọ̀ Oyèníkẹ́ náà ni.

Tá a bá fi máa ti oko dé, wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti sùn, wọ́n á ti jà, wọ́n á sì ti parí ìjà. Àwo igi ńlá kan ló ń bu oúnjẹ wọn sí, gbogbo wọn á sì yí i ká. Ọmọ tó bá fa àwo mọ́ra, pàá lọ́wọ́! Ìyá Àgbà, bí wọ́n ti ń pè é, á ní, “Kò sí anìkànjẹ nínú ulé mi o.” Bọ́sẹ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nígbà náà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹja sílẹ̀ fún ẹni tó kéré síni. Nílé mi, ta ni ì bá fi í sílẹ̀ fún?

Ẹ mọ Olóde. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àgbàlagbà kì í pè é. Àìsàn tí ń sọ ara di kókó-kókó ni, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá pa, á fi àpá sí i lójú. Tó bá ti wọ̀lú, a ó ní ilẹ̀ gbóná. Awóṣùsì, àbúrò ọkọ mi, ló gbé e wọlé lọ́dún yẹn láìmọ̀. Òun ló máa ń ru iṣu wa lọ sí ibùdó. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ti ojú ogun bọ̀ láyọ̀ yóò fi oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọdé, kí orí tó mú un bọ̀ lè ràn wọ́n. Awóṣùsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń gbọ̀n. A rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Ó jókòó sábẹ́ ọdán, ó mú iṣu sísun jáde. Iṣu náà ti gan. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ara rẹ̀ kó lè rọ̀, ó wá ń fi í sẹ́nu àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa ìyá wọn ń pàtẹ́wọ́! À ń ṣe àmín! Ọmọ aráyé, ẹ gbà mí.

Kò pẹ́, ara Awóṣùsì tú jáde. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àràárọ̀ ni Oyèníkẹ́ máa ń fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ kí ó tó gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, òun ló sì kọ́kọ́ mọ̀ pé orí àwọn kan ti ń jó bí ààrò. Kò pariwo. Nígbà tá a fi máa ti oko dé nírọ̀lẹ́, ó ti ta màrìwò dí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Ó dúró sínú, àwa dúró síta.

Ó ní, “Ẹ má wọlé. Àwọn tí ara wọn gbóná, èmi ni mo máa kó wọn lọ sí abà mi lọ́nà Ìkógòsì. Àwọn tí ara wọn tutù yóò dúró síbí, Ìyá Elépo ni yóò máa tọ́jú wọn. Wọn kò ní lọ sílé, igbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọn yóò fi jẹun. Ẹni tí Olóde kò bá tíì bá jà rí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ì báà jẹ́ ìyá wọn.” Ìyá Elépo ni obìnrin tó ń fún epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Òun náà ní àpá lójú.

Ariwo sọ! Ọ̀kan ní, “Igbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ̀? Ṣé adẹ́tẹ̀ lọmọ mi ni?” Òmíràn ní ìdílé àwọn kò bí anìkànjẹ rí. Oyèníkẹ́ ní, “Títí ilẹ̀ yóò fi tutù, anìkànjẹ ni ọmọ rere.” A kò tiẹ̀ mọ ìgbà tá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín mi kò pẹ́, nítorí Bọ́sẹ̀dé wà nínú àwọn tí ara wọn gbóná. Mo rí i lẹ́yìn Oyèníkẹ́ lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ mi fún mi. Mo ní mò ń gbé e lọ sí Ìkòrò, sílé ìyá mi. Ibo ni wọ́n tún ń gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ, bí kò ṣe ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀?

Oyèníkẹ́ ní, “Rárá.”

Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo ní, “Ojú tó rí báyìí lẹ fẹ́ fi wo ọmọ mi sàn?”

Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní, “Ojú yìí ni. Olóde ti bá a jà, ó sì ti fi í sílẹ̀ lọ. Tìrẹ ńkọ́? Tìyá rẹ ní Ìkòrò ńkọ́? Ta ni ń bẹ nílé náà?”

Mo ní, “Ìyá mi, àwọn àbúrò mi, àtàwọn ọmọ wọn.”

“Èwo nínú wọn ló ní ojú bí tèmi?”

Mo rò ó. N kò rí ẹyọ kan.

Ó wọlé lọ, ó gbé Bọ́sẹ̀dé, ó wá gbé e jókòó sórí ẹní kan láàárín èmi àti òun, lábẹ́ màrìwò. Ó ní, “Ọmọ rẹ nìyí. Opó ni mí, mi ò lágbára ìjà. Tó o bá fẹ́, gbé e.”

Bọ́sẹ̀dé rí mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, “Yèyé.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi. Gbogbo obìnrin ń wò mí. Mo wo ọwọ́ ọmọ mi, mo ń rí ojú ìyá mi, mo ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn yóò sáré wá pàdé wa lẹ́nu ibodè Ìkòrò. Mo wá káwọ́ mọ́yà kí n má baà nà án. Mo ní, “Ẹ gbé e lọ. Ẹ tètè gbé e lọ kí n tó yí ọkàn padà.” Igbe tí Bọ́sẹ̀dé ké bí wọ́n ti ń gbé e lọ, mo gbọ́ ọ títí wọ́n fi kọjá odò.

Òkìtì kan wà tó kọjú sí abà náà, odò wà láàárín. Ibẹ̀ là ń dúró sí nírọ̀lẹ́. A ó gbé oúnjẹ sórí àpáta, a ó kúrò, Oyèníkẹ́ á wá gbé e. Á wá ké sí wa láti òkèèrè. “Ìyàwó Ògúntóyìn, ọmọ rẹ mu ẹ̀kọ!” “Ìyàwó Ògúntóyìn, ọmọ rẹ bú mi lónìí, ara rẹ̀ ti ń yá!” Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tẹ́ fún wọn, nítorí ẹní máa ń lẹ̀ mọ́ egbò. Omi ìgbín ló fi ń pa wọ́n lára kí ara wọn lè rọ̀, ó sì fi aṣọ di ọwọ́ wọn kí wọ́n má baà họra. Kò sùn tó. A ń rí i bó ti ń rìn láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn.

Lágbàlá, kò sí ọmọ tí ara rẹ̀ tún gbóná. Ìyá Elépo nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó ní àwọn ọmọ náà ti ń fi igbá pamọ́ sábẹ́ aṣọ, pé a ti sọ wọ́n di ahun, a ò sì lè rí wọn tún ṣe mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ abà ló bọ̀. Ọmọkùnrin kan lọ. A kì í sunkún ẹni tí Olóde bá mú, ọpẹ́ là ń dá. Ìyá rẹ̀ dúró lórí òkìtì náà, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, gbogbo wa sì bá a dúpẹ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyèníkẹ́ pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ogun parí, àwọn ọkọ wa dé, ó ṣì ń gba ọmọ, ó ṣì ń fọwọ́ kan orí wọn láràárọ̀. Nígbà tó kú, àwọn tó tẹ̀lé òkú rẹ̀ pọ̀ ju ti olóyè lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ọmọ ti abà jáde ni mo fẹ́ sọ.

Ó ti dáná sun ẹní wọn àti àkísà wọn, ó ti fá orí wọn, ó ti wẹ̀ fún wọn, ó kun osùn sí wọn lára. Wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, Oyèníkẹ́ wà lẹ́yìn, gbogbo wọn rí tínínrín. Mo rí Bọ́sẹ̀dé. Àpá wà lójú rẹ̀, ojú náà sì dára, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ó dára! Mo ju igbá ọwọ́ mi nù, mo sáré.

Bọ́sẹ̀dé dúró. Ó gbé ọwọ́ kékeré náà sókè sí mi, ó fajú ro bí àgbàlagbà.

“Yèyé, ẹ dúró níbẹ̀! Olóde kò tíì bá yín jà. Ìyá Àgbà kò tíì ní kẹ́ ẹ wá.”

Omi kún ojú rẹ̀, ó fẹ́ sáré bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò wálẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi nítorí mi.

Èmi tí ọkọ mi kò lè pàṣẹ fún, mo dúró gbagidi. Mo wo Oyèníkẹ́ lójú, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá?”

Ó ní, “Máa bọ̀.”