Veta àti Orúnkún Bursuc

Veta Stroilă kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ ní kó ta agbo àgùntàn. Ó ní rárá. Wọ́n tún un sọ. Ó ń rẹ́ irun àgùntàn lọ. Èmi ni mò ń ṣe wàràkàṣì ní gáà wọn lórí òkè láti ayé ọkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bursuc ni ajá rẹ̀, ajá àgùntàn ńlá tí irun rẹ̀ ki. Àwọn béárì inú igbó òkè náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí koríko òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ga, Bursuc bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn òsì. A rò pé igi tí à ń so kọ́ ajá lọ́rùn, kó má baà lé ìgalà, ló ń gbá a. A tú igi náà. Ó ṣì ń tiro.

Neculai, àbúrò ọkọ Veta, ń da ẹran pẹ̀lú wa. Ó ní, “Ìyàwó, ajá yìí ti parí. Ìbọn mi wà ńlẹ̀. Kó o wá mú ọmọ ajá kan nílé mi.”

“Ọmọ ajá yín tó ń sá fún adìyẹ yẹn, ọkọ mi?”

A gbé Bursuc lé kétékété, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ọ̀dọ́bìnrin ni, Prodan lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo di orí ajá mú. Dókítà ti ojúgun rẹ̀, egungun náà sì yọ síwájú bí ìgbà tí a fa dúrọ́ọ̀ tábìlì.

“Iṣan inú orúnkún ti já,” ló wí. “Ajá tó wúwo báyìí, kò lè jiná fúnra ẹ̀. Màá gé egungun, màá yí i díẹ̀, màá fi irin dè é. Ohun tó kàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ṣòro. Títí òjò dídì á fi bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò. Inú ilé ni kẹ́ ẹ tì í mọ́, mà.”

Lọ́dọ̀ wa, ajá agbo kì í wọlé. Èyí tó bá sùn nídìí ààrò, òórùn àgùntàn á kúrò lára rẹ̀, àgùntàn á sì máa sá fún un. A ti rí irú ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Bursuc lè ní ẹsẹ̀ kó má níṣẹ́ mọ́. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹsẹ̀ kejì á bàjẹ́ pẹ̀lú.

“Ẹ ṣe é,” ni Veta wí. “Kó wà lọ́dọ̀ yín títí ojú abẹ á fi jiná. Lẹ́yìn ìyẹn, àárín àgùntàn ló máa wà.”

“Tó bá wá sáré ńkọ́, mà?”

“Màá dì í mú.”

Nígbà tí ojú abẹ jiná, a gbé Bursuc padà sórí òkè, a fi pákó ṣe àhámọ́ fún un láàárín agbo. Ó gba ajá àti Veta, kò gba ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni Veta náà ń sùn. Ó ń pààrọ̀ koríko gbígbẹ, ó ń fi okùn mú un jáde lọ tọ̀, ó ń mú un padà. Àwọn àgùntàn ń ti imú bọ àárín pákó.

“Ìyàwó wa ti fẹ́ ajá o!” ni Neculai wí.

“Kì í hanrun bí ẹ̀gbọ́n yín.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan kùrukùru bo òkè, béárì sì wọ agbo. Àwọn ajá yòókù tú jáde. Bursuc dìde, ó fẹ́ gun pákó. Veta dà bò ó, ó fi apá méjèèjì dì í mú lọ́rùn. Ajá náà wọ́ ọ mọ́ pákó, ó gé e jẹ lápá. Veta kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Béárì gbé abo àgùntàn kan lọ, èyí tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù.

Neculai sáré dé. “Wò ó! Àgùntàn lọ nítorí orúnkún ajá! Ká ní o tú u sílẹ̀ ńkọ́?”

“Mo rí i. Ẹ bá mi wá aṣọ.”

Èmi ni mo di ọgbẹ́ náà. Mo ní, “Veta, ọmọ mi, ṣé o ò kábàámọ̀?”

“Bàbá, ẹ dì í kó le.”

Nígbà tí òjò dídì àkọ́kọ́ bọ́, a ti sọ̀kalẹ̀ sí abúlé, a sì ti tún àhámọ́ náà kọ́ sáàárín agbo níbẹ̀. Dókítà ní egungun ti so. Veta ṣí àhámọ́ náà. Bursuc fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó rọra rìn wọ àárín agbo. Àwọn àgùntàn ń jẹun. Èyí tó wà lọ́nà rẹ̀ kò sá; ó sún díẹ̀, ó yà fún un, ó sì ń jẹun lọ.