Àbàwọ́n Dúdú Létí Mi

Òórùn dáì yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ó ń ta bí irin tí oòrùn ti pa, ó sì dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹja tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dín, nítorí fèrèsé ilé ìwẹ̀ wa ní Núsílà, ní Jẹ́dà níbí, kọjú sí ilé ìdáná wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ ìsinmi mi. Èmi àti Àlàájà kan tó ń se oúnjẹ tà la jọ ń gbé yàrá náà, òun sì ti jáde lọ gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo po dáì sínú ìdérí ìkòkò kan tó ti tẹ̀, mo dúró níwájú dígí. N kò pa irun mi láró rí. Lójú tèmi, iṣẹ́ àwọn àgbà ni, èmi kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ewú ló fà á. Úmúrà, ìbẹ̀wò ìjọsìn sí Mékà, ni mo bá wá sí ilẹ̀ yìí, mo ṣe é tán, n kò padà sílé mọ́. Mo ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ńlá kan ní Óbúrì, lápá etí òkun, níbi tí ènìyàn kì í ti í rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì àfi àwa tá à ń nu ilé fún wọn. N kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn, àyà mi sì máa ń já nígbàkígbà tí mo bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Bóyá ìbẹ̀rù yẹn ló hù jáde, bóyá ìdílé wa ló ti wá, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí mo tú irun mi, iwájú orí mi funfun bí ẹni tó da ìyẹ̀fun sí i. Híjáàbù bò ó mọ́ gbogbo ayé lójú. Ìyá mi nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ìwó ni ìyá mi wà, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń rí ara wa lórí fóònù. "Ṣé o ń jẹun?" "Mo ń jẹun, Màmá." "Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ?" "Wọ́n ń tọ́jú mi, mà." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a bọ̀, títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ dáì yẹn. Ó ní òun lálàá pé wọ́n fá orí mi. "Tó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ṣí orí rẹ kí n rí i." Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í fá orí àfi tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, n kò lè kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀, àbúrò mi ti kìlọ̀ pé kí n má sọ ohunkóhun tó máa kó o lọ́kàn sókè. Bí ó bá rí ewú yẹn, yóò mọ̀ pé gbogbo "wọ́n ń tọ́jú mi" tí mo ti ń sọ kì í ṣe òótọ́.

Àdúgbò Bágídádíyà ni mo ti lọ ra dáì náà. Ojú tì mí débi pé mo kọjá lẹ́nu ìsọ̀ náà, mo tún padà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nawọ́ làálì sí mi, mo mi orí. Mo fa ọwọ́ abáyà mi, mo fi hàn án pé irú dúdú yìí ni mo ń fẹ́. N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Àwòrán náà kò sì sọ̀rọ̀ etí.

Nígbà tí mo fi omi ṣan orí mi, irun náà dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi méjèèjì dúdú pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn bó o títí awọ fi ń ta mí. Ibi tí mo ti ń bó o lọ́wọ́ ni Àlàájà ti gbá ilẹ̀kùn.

"Ta ló kú síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

Mo ṣí i. Ó wò mí, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Etí rẹ dà bí ìdí ìkòkò mi! Ọmọ yìí, ọkọ wo lò ń múra dè?"

"Kò sí ọkọ, mà. Màmá mi ló fẹ́ rí orí mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Òróró la kọ́kọ́ fi ń pa etí, kí dáì má baà mú un. Làálì ló tiẹ̀ yẹ kí o fi kùn ún, ẹ̀sìn wa ní ká yàgò fún dúdú." Mo ní ìyá mi kò mọ irun pupa mọ́ mi. Àlàájà jókòó lórí ike omi tí a dojú rẹ̀ dé, ó ki ìka bọ òróró tó fi ń dín dòdò, ó ń fi pa etí mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ ọwọ́ lára. Púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ó ku ìlà kan létí òsì.

Mo pe ilé nírọ̀lẹ́. Ojú ìyá mi kún inú fóònù, nítorí àbúrò mi gbé e súnmọ́ ọn gan-an. Mo ṣí híjáàbù. Ó wò mí títí.

"Ó mà dúdú o," ó wí. "Bí ìgbà tí mo fi ń dì í fún ọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yá, wo tèmi náà."

Ó tú ìbòrí rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò nílé, orí ìyá mi funfun bí òwú. Irun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn dúdú, ó fọ́nká, wọ́n pín in sí méjì bí ti ọmọdébìnrin. Létí rẹ̀, níbi tí awọ ti hunjọ, àbàwọ́n dúdú kan wà.

"Màmá, ẹ ti di ọmọge o," mo wí.

Ó gbé ọwọ́, ó fi kan etí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. "Máa fi òróró pa etí rẹ," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń lọ."

A kí ara wa bí a ti máa ń kí ara wa, a pa fóònù.

Jímọ̀ mìíràn kò bá a láyé. Ẹkún àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, èmi sì jókòó sí Núsílà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀, torí ẹni tí kò níwèé kì í kàn dìde kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò mi tó sọ fún mi. Ó ti pẹ́ tí ìyá wa ti dùbúlẹ̀. Ìrọ̀rí ni wọ́n fi tì í jókòó lọ́jọ́ tí mo rí i yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi dáì kun orí òun, kí n má baà mọ̀ pé ara òun kò yá. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ó dojú kọ ògiri, ó ní, "Ewú ti hù lórí ọmọ mi. Má sọ fún un pé mo mọ̀."

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àlàájà mú mi lọ sí Mékà, mo ṣe Úmúrà fún ìyá mi. Obìnrin kì í fá orí níbẹ̀. Ṣóńṣó irun ni wọ́n ń gé, ìwọ̀n orí ìka. Ní Máríwà, níbi tí ìrìn Úmúrà parí sí, Àlàájà ki sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ híjáàbù mi, ó gé e, ó fi lé mi lọ́wọ́. Dúdú ni gbogbo rẹ̀. Funfun ti tún yọ nídìí irun mi nígbà náà, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni èyí tí ìyá mi rí. Mo fẹ́ dì í mú. Èrò tó wà lẹ́yìn wa tì wá síwájú, ó bọ́, n kò sì rí i mọ́ láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn.

Mo máa ń rò ó pé ká ní mo sọ pé, "Màmá, ó rẹ̀ mí," bóyá òun náà ì bá sọ pé, "Ó rẹ èmi náà." À bá jọ sunkún, ká tó dágbére. Àánú ara wa ni kò jẹ́ ká sọ ọ́. N kò kun orí mi mọ́. Ewú náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wẹ̀ tán, mo máa ń bu òróró díẹ̀, mo máa fi pa etí mi méjèèjì. Kò sí dáì níbẹ̀ mọ́. Ìyá mi ló ní kí n máa fi pa á.