Ìyàwó Kejì Tó Ru Jósẹ́fù Mímọ́ Wọ̀lú

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni màmá, ìyàwó kejì bàbá wa àgbà, máa ń fi aṣọ tútù nu ère Jósẹ́fù Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà abúlé wa lẹ́bàá Ìníṣà. Nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, màmá ni wọ́n fi orí wọn ru ère náà wá láti ibùdó rélùwéè Òkukù. Síbẹ̀, òfin ìjọ kò jẹ́ kí ìyàwó kejì gba Ara Olúwa; ẹ̀yìn pátápátá ni màmá máa ń jókòó sí.

Mo bi wọ́n rí pé, “Màmá, ṣé kò dùn yín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Dákẹ́, ọkọ mi. Jósẹ́fù ló ń bẹ̀bẹ̀ ikú rere fúnni. Ẹni tí mo gbé lórí kò ní jẹ́ kí òkú mi rí àbùkù.”

Lóṣù tó kọjá, wọ́n kú. Katikíìsì tó ń bójú tó ìjọ dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ pósí wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, òfin kò gbà kí òkú ìyàwó kejì wọlé,” ló wí fún mi, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe.

Mo bi í pé, “Ta ló gbé ère tí ẹ ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ wá?”

“Fadá òyìnbó ni. Ó wà nínú ìwé ìtàn ìjọ.”

Kí Àgùdà Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù mọ̀ pé irọ́ ni ìwé náà pa. Ẹ̀yìnkùlé la sin màmá sí. Èmi ni mo ka àdúrà, mo sì pe orúkọ Jósẹ́fù sókè.