Ìyàwó Ilé Méjì, Kúlà Méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbà nínú àwọn ìyàwó ọmọ mi fún yín, torí owú obìnrin yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ti gbé ìyàwó wálé, inú ọgbà kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Èmi ìyá ọkọ wọn ni mo kọ́ àwọn ìyàwó náà ní òwò mílíìkì tútù: ká sè é, ká fi ṣúgà sí i, kó tutù, ká wá rọ ọ́ sínú kúlà tó ní táàpù nídìí. Kálukú ló ní kúlà tiẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan náà sì ni wọ́n ti ń tà á.

Kì í ṣe ọjà ló dá ìjà sílẹ̀ o. Ọmọ ni. Àgbà bí ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kékeré kò tíì bí. Àtìgbà tí kékeré ti wọlé ni ọmọ yìí ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tí ilé ìwé bá jáde, á sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, á dì mọ́ kékeré lẹ́sẹ̀: "Mọ́mì kékeré, ẹ bu tèmi wá!" Háà, ẹ wá wo ojú ìyá ẹ̀! Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi ò lẹ́ran láyà, kò lẹ́ran lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, kékeré á tú táàpù kúlà ẹ̀ palẹ̀, á yọ rọ́bà inú ẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀. Àgbà á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó! Kò rọ́mọ wẹ̀, ó ń wẹ kúlà." Mo ní kó ṣọ́ ẹnu ẹ̀. Ní ti àgbà, omi híhó ló ń dà sínú kúlà tiẹ̀, ó parí. "Kí ni omi híhó ò ní pa?" ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí owú náà dé góńgó, ó fa ọmọ létí lójú gbogbo èèyàn. "Èmi ni mo bí ẹ! Mílíìkì tèmi ni wàá máa mu. Tí o bá tún fẹnu kan ti ẹlòmíì, màá nà ẹ́!" Ọmọ ń sunkún, ó ń mu ún. Ó ní mílíìkì náà ti ń kan. Ìyá ẹ̀ ní àkẹ́jù ló ń ṣe é.

Kílẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú ojú ọmọ wọnú. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Ni àgbà bá dí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́ kékeré: "O ò ní wọlé! Ìwọ lo fi nǹkan sí i. Ó pẹ́ tí o ti ń ṣojúkòkòrò ọmọ mi." Kékeré yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ọ́fíìsì wòléwòlé wà nínú ọgbà ọsibítù náà. Mo ní kí ọmọ mi gbé kúlà méjèèjì wá, kí wòléwòlé yẹ̀ wọ́n wò lójú gbogbo wa. Ti kékeré mọ́ tónítóní. Ó tú táàpù ti àgbà, ó ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ìka ẹ̀, ó ń yọ̀ bí ara ìgbín.

"Omi híhó ni mo ń dà sí i o!" ni àgbà ké.

"Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú ò rí, ìyá," ni wòléwòlé sọ. "Omi híhó kì í pa wọ́n tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á sá sábẹ́ rọ́bà, wọ́n á so mọ́ra, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ yìí bora. Omi híhó tí ẹ ń dà lé wọn, wọ́n fi ń wẹ̀ ni. Àfi kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n kúrò."

Àgbà wo ìka ọkùnrin náà títí. Èébú ti kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì yọjú: "Ọmọ yín ti lajú o." Èmi àtàgbà sáré wọlé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ìyá ẹ̀, ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́mì kékeré dà?"

Mo rò pé àgbà á gbá ọmọ létí ni. Ó kàn yí padà, ó tún aṣọ ìdí ẹ̀ ró, ó jáde lọ bá kékeré lórí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ̀lé e, torí mi ò fọkàn tán an.

"Ọmọ ẹ ń pè ẹ́," ló wí.

Kékeré fò dìde. Bó ṣe fẹ́ wọlé, àgbà di aṣọ ẹ̀ mú.

"Má pẹ́ níbẹ̀ o."