Òrùlé Tó Pa Ìyá Inú Igbó

Ìyá Inú Igbó ti kú. Orí àkàbà ló ti já bọ́, níbi tó ti fẹ́ fi tapólì bo òrùlé tó ń jò ní ilé ìkẹ́rùsí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọkọ rẹ̀ ló di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ó gbọ́ tí páànù tí àkàbà náà fara tì ya. Kó tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló kú, ẹ ò rí nǹkan.

Mi ò tíì sunkún. Gbogbo ara mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Ẹ má retí ẹkún níbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Awalẹ̀pìtàn ni Ìyá Inú Igbó, ọ̀rẹ́ mi yìí, òpìtàn agbègbè wa sì ni. Inú igbó kìjikìji ló máa ń wọ̀, tí á máa wá ibi táwọn èèyàn gbé rí kí igi tó bo ilé wọn. Níbi tí èmi ti rí òkìtì lásán, ògiri ìlú lòun ń rí. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ jókòó, ló bá fà mí lápá.

"Dìde jàre! Ibi ìdáná ẹnì kan nìyẹn."

"Ṣé ẹni tó ti kú látayébáyé?"

"Tó bá kú, ṣé kò yẹ kó o kí i ni?"

Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìdáná o, mà." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Nínú igbó yẹn ló ti rí sàréè àwọn ará ìlú àtijọ́ náà, nígbà tí katakata àwọn tó ń la títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí wọn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára egungun wọn, ó fi òwú wé wọn, ó kó wọn sí páálí. Ọmọ kan wà tí wọ́n sin mọ́ àyà ìyá rẹ̀. Kò yà wọ́n. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ṣèlérí pé àwọn yóò tún wọn sin. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n kó wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbàgbé wọn sí.

Nígbà tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó lọ bá ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní àwọn á wò ó. Ó tún lọ. Ọ̀gá ní kó fara balẹ̀. Ibi tó ti ń fara balẹ̀ ni wọ́n ti tún òrùlé gbọ̀ngàn àlejò ṣe, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Bí òjò bá pa àlejò, yóò pariwo. Ta ni egungun fẹ́ pariwo fún?

Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ní kó jẹ́ kó di ọ̀la.

"Ṣé òjò ló máa dúró di ọ̀la?" ló fi dá a lóhùn.

Ọkọ gbé àkàbà, wọ́n jọ lọ.

Kò sẹ́nì kankan láti ilé iṣẹ́ tó yọjú sí mọ́ṣúárì. Ọkọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà. Ohun tí ọ̀gá sọ fún un rèé: "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni, wọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló rán wọn gun òrùlé?"

Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ó béèrè ẹni tó rán an," ó wí.

Mo lọ sí ilé ìkẹ́rùsí náà. Páálí ìyá àti ọmọ ti rà, ìdí rẹ̀ ti já. Inú omi ni àwọn méjèèjì wà. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan lára.

Ọ̀gá àgbà, ẹ ti bi télọ̀ léèrè ẹni tó rán ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kó fara balẹ̀ lẹ ti rán an. Ẹ jáde síta kẹ́ ẹ sọ ìdí tí gbọ̀ngàn fi ṣáájú. Ẹ gbé àwọn egungun yẹn kúrò nínú omi lónìí, kẹ́ ẹ sì sin wọ́n bẹ́ ẹ ṣe ṣèlérí. Ẹ lọ bá ọkùnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀, lójú gbogbo wa, pé ẹnu iṣẹ́ yín ni ìyàwó rẹ̀ kú sí.

Ọ̀gá, à ń gbọ́.