Máàpù Tó Lé Màmá Padà Sídìí Kànga

Ara Onímáàpù kì í balẹ̀. Bó ti rí láti kékeré nìyẹn. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì lábẹ́ tábìlì. Tó bá dìde, á ti gbàgbé ohun tó torí ẹ̀ dìde. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń balẹ̀. Iléeṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ya ọ̀nà tí páìpù gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ sórí bébà, ìlà rẹ̀ á sì gún régé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Onímáàpù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kó tọ́ka sí àwọn àdúgbò tí páìpù ti kéré jù, kí wọ́n lè fi ńlá rọ́pò, kómi lè máa ya dáadáa. Ó mú bíròó pupa, ó fa róbótó yí wọn ká, wọ́n sì lẹ máàpù náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Àṣé ẹnì kan tó wá fẹjọ́ sùn ti yọ fóònù, ó ti yà á. Ó gé àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó kọ tirẹ̀ sí i: "Ibi tí wọ́n ti ń da májèlé sómi rèé. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀." Ó parí! Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti dé fóònù gbogbo ìlú. Àwọn kan tiẹ̀ fi ìlà so róbótó kan mọ́ èkejì, wọ́n ní ẹ wò ó, ó di ìràwọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn! Ẹ gbà mí o, kí lẹ máa fìlà so pọ̀ tí kò ní jọ nǹkan kan? Téèyàn bá fẹnu lásán sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó búra. Àmọ́ tó bá ti di àwòrán, tó tún ní àwọ̀ pupa, ta ló ń bèèrè?

Àyà Onímáàpù já nígbà tó rí i, torí inú ọ̀kan nínú àwọn róbótó yẹn ni ilé ìyá rẹ̀ wà.

Ó pe Màmá. Màmá ní òun ò fọwọ́ kan omi ẹ̀rọ mọ́, kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé lòun ń mu. Kànga tí aláǹgbá ń kú sí! Ìgbẹ́ gbuuru ti mú un, ohùn rẹ̀ ò ròkè mọ́. Onímáàpù ní kó kúkú máa sè é. Màmá ní omi sísè ò lè pa òùngbẹ òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. A ti gbọ́. Ẹni tó ń mu omi kànga ńkọ́, ṣé á dúró de òótọ́ ni?

Onímáàpù tọrọ àyè, ó wọkọ̀. Ọkọ̀ náà ń fà lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kó tó débi tó ń lọ, ó ń sáré, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú títì.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Màmá, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Èmi ni mo ya máàpù yẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo mọ̀. Ṣé n ò ní mọ ọwọ́ ọmọ mi ni? Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà á gbọ́. Ọwọ́ ẹ kì í purọ́."

"Ẹnu mi ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ ń jẹun níbẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ẹ níbi iṣẹ́. Fọkàn balẹ̀, n ò ní sọ fẹ́nì kankan."

Inú bí Onímáàpù débi pé omi lé sí i lójú. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fẹ́ni tó jẹ́ pé bó o ṣe ń sẹ́ tó ló ṣe ń dá a lójú tó? Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ìyá rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀, àwòrán tòun fúnra rẹ̀ yà ló sì ń pa á. Ló bá kọjú sí kíṣìnnì, ó ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi kún ife, ó padà wá síwájú Màmá, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀.

Màmá tí kò tíì dìde látàárọ̀ fò sókè. "Yéè! Mo gbé! Dà á nù!"

Ó ti mu ún dé ìdajì kí Màmá tó já ife gbà. Onímáàpù rò pé á dà á sílẹ̀. Màmá wo inú ife, ó wo ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó sì gbé ìyókù dà sọ́fun.

"Màmá, ẹ ti gbà mí gbọ́?"

"Rárá o! Tí ìwọ bá kú, ta ni mo fẹ́ máa wà láyé fún?"

Màmá jókòó tì í, ó dijú, ó ń retí ikú. Onímáàpù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dìde lọ bu ife kejì wá. Màmá gba ìyẹn náà, ó mu ún tán.